Nígbà tí alùpùpù ń sáré yí pápá bọ́ọ̀lù ká

Ẹni tó bá ti wọ Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn rí, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lẹ́yìn náà, yóò rántí pé ojú ọ̀nà tí àwọn sárésáré ń lò ló yí pápá bọ́ọ̀lù ká níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé òǹwòran tó jókòó sórí àga jìnnà díẹ̀ sí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, láti ọdún 1928, ọ̀pọ̀ pápá bọ́ọ̀lù àti pápá rugby ló ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ ló ń sáré lórí èyí tí à ń sọ yìí. Alùpùpù ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, alùpùpù tí kò ní bíréèkì. Speedway ni wọ́n ń pe eré ìje náà. Bí ó ṣe bá bọ́ọ̀lù pín ilé, bí àwọn méjèèjì ṣe jọ jẹun nínú àwo kan, àti bí ọ̀kan ṣe máa ń lé èkejì jáde nígbẹ̀yìn, ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí eré náà jẹ́. Agun-alùpùpù mẹ́rin ni yóò tò sẹ́yìn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n nà dábùú ọ̀nà. Bí okùn náà bá ti fò sókè, wọ́n ti lọ nìyẹn. Ìyípo mẹ́rin ni wọn yóò sá, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì máa ń yà sí nígbà gbogbo. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré, ìje náà ti parí. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní gba máàkì 3, ẹni kejì gba 2, ẹni kẹta gba 1, ẹni ìkẹyìn kò rí nǹkan kan mú lọ. Nínú ìdíje líìgì, ẹgbẹ́ méjì ló máa ń kojú ara wọn, ẹni méjì láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìje kan, ìje 15 sì ni wọ́n sábà máa ń sá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí.

Ẹ́ńjìnnì alùpùpù náà jẹ́ 500cc, jíà kan ṣoṣo ló ní, methanol tí í ṣe irú ọtí kan sì ni epo tó ń mu. Ọlọ́kadà tó bá gbọ́ pé kò sí bíréèkì lára rẹ̀ lè sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ẹni tó wà níwájú bá lè tẹ bíréèkì lójijì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gun orí rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò lè dúró lójijì. Bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti yí, wọn kì í dẹ iná rárá; ńṣe ni wọn yóò da alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́, tí táyà ẹ̀yìn yóò máa yọ̀ lọ sí ìta, tí ẹsẹ̀ òsì wọn tí wọ́n wọ irin sí ní àtẹ́lẹsẹ̀ yóò máa wọ́ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi gbọ́dọ̀ rọ̀ lókè. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tó sábà máa ń pọ́n bíi yangí, ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ́ sí i. Ẹni tó bá jókòó nítòsí ibi tí ọ̀nà ti yí yóò ru ekuru pupa náà délé.

Ilẹ̀ Australia ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1923, ni wọ́n sá ìje alùpùpù níbi àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní West Maitland ní ìpínlẹ̀ New South Wales. Ọkùnrin tó wà nídìí ètò náà ni Johnnie Hoskins, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ṣètò àfihàn ọ̀hún. Awuyewuye wà lórí bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti sá irú rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé Hoskins ló polówó eré náà jù lọ. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 1928, wọ́n gbé e dé High Beech nínú igbó Epping, lẹ́bàá London. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò retí ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Èrò tó wá lọ́jọ́ náà lé ní 10,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dúró sórí ojú ọ̀nà ìje gan-an nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè dúró sí.

Àwọn oníṣòwò kò jẹ́ kí ilẹ̀ ó mọ́ lé e lórí. Lọ́dún kan náà, wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò ti máa sá a káàkiri ilẹ̀ náà, ibi tó sì yá jù ni ibi tí ìjókòó, ọgbà àti ẹnu ọ̀nà ìgbowó ti wà tẹ́lẹ̀. Pápá ìṣeré ìje ajá wà lára wọn, nítorí pé eré ajá asáré ti gbòde láti ọdún 1926 tó bẹ̀rẹ̀ ní Belle Vue ní Manchester. Pápá bọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1928, wọ́n ti sá alùpùpù ní Celtic Park ní Glasgow. Stamford Bridge tí í ṣe ilé Chelsea gba speedway láti 1928 títí di 1932, ẹgbẹ́ tó ń sá ìje níbẹ̀ ló sì gba líìgì àkọ́kọ́ ti ìhà gúúsù lọ́dún 1929. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ Chelsea tó wà láàárín wa lónìí ni kò mọ̀ pé alùpùpù ti gba ife-ẹ̀yẹ nínú ilé wọn ju ogún ọdún lọ kí bọ́ọ̀lù tó gba líìgì wá síbẹ̀ ní 1955.

Ìgbà tí wọ́n ń ṣe é ló jẹ́ kí àjọṣe náà bá ara mu. Bọ́ọ̀lù àti rugby, eré ìgbà òtútù ni wọ́n. Speedway máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, á sì parí ní oṣù Kẹwàá. Èyí túmọ̀ sí pé pápá tó máa ń ṣófo láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹjọ á tún rí ẹni tí yóò san owó ilé. Fún ẹgbẹ́ kékeré tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, owó yẹn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ti ìrísí ilẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù ní igun mẹ́rin. Ojú ọ̀nà speedway kò ní igun kankan, ó rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ojú ọ̀nà bá gùn tó mítà 400 bíi ti àwọn sárésáré, pápá bọ́ọ̀lù tó péye lè wọ inú rẹ̀, igun rẹ̀ á kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n speedway kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀. Láti mítà 260 sí 425 ni òfin fàyè gbà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ju nǹkan bíi 300 sí 370 lọ. Nínú irú èyí, bí wọ́n bá wọn pápá bọ́ọ̀lù tó pé, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò yọ sórí ojú ọ̀nà ìje, àsíá igun pápá á sì dúró sí ibi tí alùpùpù ń gbà kọjá. Àwọn kan gé pápá bọ́ọ̀lù kúrú. Àwọn kan ń ká koríko igun náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ ìje, wọ́n á sì dá a padà kí ọjọ́ bọ́ọ̀lù tó dé. Ti rugby tún nira jù, nítorí pé lẹ́yìn òpó gọ́ọ̀lù, ilẹ̀ mìíràn tún wà tí eléré gbọ́dọ̀ lè ju ara rẹ̀ sí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Bí ibẹ̀ bá wọ orí òkúta wẹ́wẹ́, ẹni tó bá fi orúnkún ṣubú lórí rẹ̀ kò ní gbàgbé láéláé.

Ìlú London lọ́dún 1930 ni a ti lè rí ohun tí èyí ń fà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Clapton Orient, tí a mọ̀ sí Leyton Orient lónìí, kó lọ sí pápá ìṣeré speedway tó wà ní Lea Bridge. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi dé: ọgbà tó yí pápá ká ti sún mọ́ ìlà ẹ̀gbẹ́ jù, eléré tó bá ń sáré bọ̀ lè forí sọ ọ́. Àwọn aláṣẹ líìgì ní àfi kí wọ́n tún un ṣe. Níbo ni Orient yóò ti gbá bọ́ọ̀lù kí iṣẹ́ tó parí? Wembley ni wọ́n lọ. Ẹgbẹ́ kékeré láti ìpele kẹta gbá ìdíje líìgì méjì nínú pápá tó lókìkí jù nílẹ̀ náà, wọ́n na Brentford ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, wọ́n sì na Southend ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá.

Ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 1930 yẹn kan náà, ohun tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣẹlẹ̀ ní Custom House, ní ìlà-oòrùn London. Àwọn oníṣòwò ti kọ́ pápá ìṣeré West Ham síbẹ̀ fún ìje ajá àti speedway. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún pápá ẹgbẹ́ West Ham United. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Archibald Leitch, ayàwòrán-ilé tó ya ọ̀pọ̀ pápá bọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ló ya èyí náà, wọ́n sì ní ó lè gba èèyàn 120,000. Speedway ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò wá síbẹ̀. Àwọn tó ni ín wá rò ó pé kí ilé ńlá báyìí má máa ṣófo ní ọ̀sán Sátidé, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1928, wọ́n pè é ní Thames. Líìgì gbà á wọlé ní 1930. Nígbà tí Thames gbàlejò Luton Town lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, èèyàn 469 ló sanwó wọlé. Ẹ fojú inú wo 469 nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún 120,000. Nígbà tó di 1932, Thames ti kúrò nínú líìgì, ó sì tú ká. Alùpùpù ṣì ń sáré níbẹ̀ fún ogójì ọdún sí i, yàtọ̀ sí àwọn ìgbà tó dáwọ́ dúró.

Ohun tí èyí fi yé ni pé, ní ayé ìgbà náà, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló máa ń jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀. Wembley fúnra rẹ̀, owó ìje ajá àti ti speedway ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ìwọ̀nba ọjọ́ ni bọ́ọ̀lù ń wáyé níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Sir Arthur Elvin, ẹni tó ni àṣẹ pápá náà, dá ẹgbẹ́ speedway Wembley Lions sílẹ̀ ní 1929. Láàárín 1946 sí 1953, ọdún 1948 nìkan ni líìgì bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọdún tí Wembley gbàlejò eré Òlíńpíìkì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sá ìje àṣekágbá àgbáyé àkọ́kọ́ ní 1936, tí Lionel Van Praag ará Australia gbégbá orókè. Elvin kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957, ẹgbẹ́ Lions kò sì sá ìje kankan lọ́dún náà. Wọ́n gbìyànjú àti jí i dìde ní 1970 àti 1971, kò dúró. Ìje àṣekágbá àgbáyé tó gbẹ̀yìn ní Wembley wáyé ní 1981, Bruce Penhall ará Amẹ́ríkà ló borí, èrò tó lé ní 90,000 ló sì wá wò ó.

Ẹni tó bá ń rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ owó ajá yẹn, kó rántí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1966. Uruguay àti France yẹ kí wọ́n pàdé ní Wembley ní ọjọ́ 15, oṣù Keje. Ọjọ́ náà bọ́ sí alẹ́ ìje ajá, àwọn tó ni pápá sì kọ̀ láti sún un. White City, pápá mìíràn tí ajá àti speedway ti sá ìje rí, ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù àgbáyé náà lọ.

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rugby oní-eléré mẹ́tàlá ni speedway bá pín ilé jù. Ní Belle Vue, ẹgbẹ́ Broughton Rangers kó wá sí pápá speedway ní 1933, wọ́n tilẹ̀ pa orúkọ dà sí Belle Vue Rangers, kí wọ́n tó kógbá sílé ní 1955. Ní Hull, ẹgbẹ́ Vikings sá ìje ní The Boulevard láti 1971 sí 1981, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sá a ní Craven Park tí í ṣe ti àwọn alátakò Hull FC. Rochdale gbìyànjú rẹ̀ ní 1970 àti 1971 péré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Peter Collins ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó di ọ̀gá àgbáyé ní 1976. Ní Workington, ẹgbẹ́ Comets gba líìgì ìpele kejì ní 2018 lórí pápá rugby Derwent Park, kí sáà tó tẹ̀lé e tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yọwọ́.

Odsal ní Bradford ni a gbọ́dọ̀ dúró lé lórí díẹ̀. Kòtò ńlá kan ni níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti wa òkúta. Ìgbìmọ̀ ìlú ń da pàǹtírí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tó fi rí bí àwo ràbàtà, ẹgbẹ́ rugby Bradford Northern sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1934. Ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 1954, nígbà tí Halifax àti Warrington tún àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ wọn gbá níbẹ̀, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó sanwó wọlé jẹ́ 102,569. Hoskins tí a ti dárúkọ ló mú speedway débẹ̀ ní 1945, ogun kò tíì tán pátápátá. Ó lọ, ó bọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni. Ní 1985, Odsal gba ìje àṣekágbá àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ máa wáyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí kì í ṣe Wembley. Erik Gundersen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló borí. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1989, ó padà síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ fún ìdíje ẹgbẹ́ àgbáyé. Nínú ìje kìíní gan-an, níbi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọlu ara wọn. Gundersen fara pa débi pé wọ́n rò pé kò ní yè é. Ó yè é, ó tún rìn, ṣùgbọ́n kò sá ìje mọ́. Pápá tó ti fi í jọba ló gba eré lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti 1986 ni ẹgbẹ́ Dukes ti ń sá ìje ní Odsal, lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní The Shay, pápá bọ́ọ̀lù Halifax Town. Ohun tó dá àjọṣe wọn pẹ̀lú rugby rú ni ọ̀rọ̀ ìgbà tí a sọ lókè. Ní 1996, àwọn aláṣẹ rugby oní-eléré mẹ́tàlá gbé líìgì wọn kúrò ní ìgbà òtútù wá sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ tán, oṣù tí speedway ń lò ni rugby náà ń lò. Ní 1997, ohun tí kò wọ́pọ̀ ṣẹlẹ̀: Bradford Bulls gba líìgì rugby, Dukes sì gba líìgì speedway, ọ̀gá méjì nínú ilé kan. Nígbà tó di 1998, ọ̀gá kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Èmi kò mọ ẹlòmíràn tó gba líìgì tó sì pàdánù ilé kíákíá tó bẹ́ẹ̀, àfi Workington tí a ti sọ.

Ní gúúsù, rugby oní-eléré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní County Ground ní Exeter. Ẹgbẹ́ rugby ìlú náà ti ń lo ibẹ̀ láti 1905, speedway dé ní 1929, wọ́n sì jọ wà níbẹ̀ títí di 2005. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ gùn, ó sì yá. Ohun tí àwọn agun-alùpùpù ń sọ nípa rẹ̀ jù ni odi rẹ̀, nítorí pé irin ni wọ́n fi ṣe é yíká. Níbòmíràn, pákó tàbí wáyà ló wà, lóde òní sì rèé, afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń fẹ́ sínú rọ́bà bíi tìmùtìmù láti gba ẹni tó bá forí lé odi. Irin Exeter kì í gba ẹnikẹ́ni mọ́ra. Ivan Mauger, ọmọ ilẹ̀ New Zealand tó di ọ̀gá àgbáyé nígbà mẹ́fà, sá ìje fún ẹgbẹ́ Falcons níbẹ̀, wọ́n sì gba líìgì ní 1974. Nígbà tí ẹgbẹ́ rugby ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, wọ́n kó lọ sí Sandy Park ní 2006. Ọdún 14 lẹ́yìn náà, Exeter Chiefs gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Falcons kò bá wọn kó lọ sílé tuntun.

Bí speedway bá ń pàdánù ilé báyìí, bọ́ọ̀lù náà ti fara gbá a rí. Ìtàn Barrow ni ẹ̀rí. Ìlú olómi kan ni, tó jìnnà sí ibi gbogbo ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ nílò owó, ni wọ́n bá gbà kí wọ́n la ojú ọ̀nà speedway yí pápá Holker Street ká ní 1972. Láyé ìgbà náà, kò sí pé ẹni tó ṣe ìkẹyìn nínú ìpele kẹrin yóò já bọ́ tààrà. Àwọn mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló máa ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Barrow ṣe ipò 22 nínú 24. Stockport àti Crewe wà lábẹ́ wọn, ìbò sì gbà wọ́n padà. Barrow nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n fi Hereford rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni pé Hereford ti gbayì lọ́dún náà nítorí pé wọ́n na Newcastle nínú ife-ẹ̀yẹ FA, òótọ́ sì ni pé ọ̀nà Barrow jìn, ó ń sú àwọn ẹgbẹ́ yòókù láti lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé ojú ọ̀nà alùpùpù tó yí pápá náà ká wà lára ohun tó mú kí àwọn olùdìbò ṣe ojú sí i. Speedway tí wọ́n torí rẹ̀ gba ẹ̀gàn kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ níbẹ̀. Barrow lo ọdún 48 kí ó tó padà sínú líìgì ní 2020.

Ní Berwick, ní ẹnu ààlà Scotland, agbábọ́ọ̀lù ló lé alùpùpù. Ẹgbẹ́ Bandits bẹ̀rẹ̀ ní Shielfield Park ní 1968 gẹ́gẹ́ bí àyálégbé Berwick Rangers. Ìjà dé ní 1980, wọ́n lé wọn jáde, wọ́n lọ ń sá ìje nínú oko kan lẹ́yìn ìlú. Ọdún 15 kọjá kí wọ́n tó padà sílé ní 1995.

Kí a má ṣe gbàgbé pé ẹ̀mí ń lọ sí eré yìí. Peter Craven, ẹni kúkúrú láti Liverpool tó di ọ̀gá àgbáyé ní 1955 àti 1962, ṣubú ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1963, ní Meadowbank àtijọ́ ní Edinburgh, níbi tí ẹgbẹ́ Leith Athletic ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Ó fẹ́ yẹra fún ẹni tó ti ṣubú níwájú rẹ̀ ni. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ilẹ̀ Poland, ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ló ní pápá ìṣeré tí ìjọba ìlú kọ́ fún eré méjèèjì, irú èyí tó wà ní Rybnik àti Rzeszów, speedway sì lè gbajúmọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ nínú wọn. Ní 1973, ní pápá ńlá Śląski ní Chorzów, èrò tó ju 100,000 lọ ló rí Jerzy Szczakiel bí ó ti na Mauger nínú ìje àtúnsá, tó di ọmọ Poland àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé.

Lóde òní, àwọn tó ń ṣètò ìdíje àgbáyé ti rí ọgbọ́n mìíràn dá. Dípò kí ojú ọ̀nà máa gbé inú pápá bọ́ọ̀lù títí láé, wọ́n á fi ọkọ̀ akẹ́rù kó òkúta wẹ́wẹ́ wọlé, wọ́n á tẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sá ìje alẹ́ kan, wọ́n á sì gbá gbogbo rẹ̀ jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lo pápá rugby ńlá tó wà ní Cardiff láti 2001, tí Tony Rickardsson ará Sweden borí níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ìdíje náà wà níbẹ̀ títí di 2024, yàtọ̀ sí 2020 àti 2021 tí àrùn kòrónà dá a dúró, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Manchester ní 2025. Ojú ọ̀nà oníṣẹ́ kíákíá yìí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́. Ní Gelsenkirchen ní Jámánì lọ́dún 2008, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ kò ṣeé gùn rárá, wọ́n ní kí òǹwòran máa lọ sílé, wọ́n sì lọ sá ìje náà ní Poland. Ní Warsaw ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Tomasz Gollob tí í ṣe àyànfẹ́ gbogbo ilẹ̀ Poland fẹ́ dágbére fún eré náà níwájú èrò tó lé ní 50,000. Okùn ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀, kò fò sókè bó ṣe yẹ; ojú ọ̀nà tú. Lẹ́yìn ìje 12, wọ́n pa á tì. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ pípẹ́ lọ sílé pẹ̀lú ìbínú.

Ní London, kò sí ibì kan tí alùpùpù ti ń sáré yí pápá bọ́ọ̀lù ká mọ́. Wimbledon ló gbẹ̀yìn nínú àwọn ojú ọ̀nà ìlú náà, 2005 ló parí. Wọ́n wó pápá ajá àti speedway yẹn, ẹgbẹ́ AFC Wimbledon sì kọ́ pápá bọ́ọ̀lù tuntun sórí ilẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2020. Ní Custom House, níbi tí èèyàn 469 ti wo Thames, ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí pápá náà tì ní 1972. Àdúgbò Newham ni, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò rí Hoskins Close, Atkinson Road, Croombs Road, Wilkinson Road àti Young Road. Hoskins ni ẹni tó ṣètò ìje West Maitland, tó sì ṣe alákòóso níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn mẹ́rin yòókù, agun-alùpùpù ẹgbẹ́ West Ham ni wọ́n. Kò sí òpópónà kankan níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù Thames sọ.